Oró Tí Ooru Lé Jáde

Ó gbé abọ́ pẹlẹbẹ tó fi ń sin ìwúkàrà sí ojú fèrèsé, ó yí i síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò sí òrùka. Ìwúkàrà rẹ̀, tó máa ń tu oró pa àwọn ìwúkàrà mìíràn títí àyè mímọ́ roboto bí òrùka á fi yí i ká, ti wá jókòó jẹ́jẹ́ láàrin àwọn tó yẹ kó pa.

Lónìí ni ọ̀gá fẹ́ wo òrùka náà, kó tó pinnu bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí á ṣì wà, àbí wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn.

Ó kúkú mọ ohun tó ṣe. Àánú ló ṣe é. Ó gbé ìwúkàrà kúrò níbi tútù, ó tì í sínú àpótí gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì ṣe máa ń fi aṣọ bo ìyẹ̀fun tó bá ti pò, kó lè wú. Àwọn ará láàbù tiẹ̀ ń pè é ní Ọmọ Oníbúrẹ́dì. Kì í fẹ́ jẹ́ orúkọ náà. Wọ́n á pè é títí kó tó dáhùn.

Ọ̀gá wọlé, ó na ọwọ́ gba abọ́. “Òrùka dà?”

“Ẹ má bínú, mà. Ooru ni mo fi bà á jẹ́.”

“Ṣé ó kú ni?”

“Rárá, mà. Ṣe ló sanra. Mo dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà síbi tútù, àwọn náà ò lóró mọ́.”

Ó tún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ rò. Àbùdá tí ìwúkàrà jogún ò bàjẹ́. Ó ń jẹ, ó ń bímọ. Oró nìkan ló lọ.

“Mà,” ó rọra wí, “oró yìí kì í ṣe ara àbùdá rẹ̀ rárá. Àlejò kan, kòkòrò tí kò ṣe é fojú rí, ló ń gbé inú rẹ̀ tó ń bá a ṣe é. Ooru ti lé àlejò lọ.”

Ọ̀gá wo abọ́ títí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ibi tí oró yẹn ń gbé ni gbogbo wa ń jiyàn lé lórí látọjọ́ yìí. Tún àyẹ̀wò yìí ṣe kó lè dá wa lójú. Iṣẹ́ rẹ ni.”

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

“Màámi, mo tọ́jú ìwúkàrà mi bí ẹ ṣe máa ń tọ́jú tiyín.”

“Ó wú?”

“Ó wú, mà.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Ẹnìkan pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Ọmọ Oníbúrẹ́dì.”

“Mo ń bọ̀,” ó dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.