Orí Fíìmù Inú Agolo

Ọmọbìnrin mi ń ta fóònù, ó sì ń tún un ṣe. Kò sí fóònù tuntun tó máa dé ìsọ̀ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gbé fún ẹnì kan lò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ohun tí ẹni náà rí sórí páálí, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí ìsọ̀ kí àwọn oníbàárà lè kà á. Ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́ nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ló gbé e fún.

"Màámi, kámẹ́rà ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò," ó wí. "Ẹ má ṣe é bí ọ̀gá o. Ohun téèyàn máa ń yà lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa yà. Bó ṣe ti inú páálí jáde náà ni kẹ́ ẹ ṣe lò ó, ẹ má yí nǹkan kan padà."

Mo bi í bóyá torí pé mi ò níṣẹ́ ló ṣe ń wá iṣẹ́ fún mi. Ó ní torí pé ojú mi mú ni. Ọmọ yẹn mọ ibi tí wọ́n ti ń rí mi mú.

Kò purọ́ ṣá. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń yà, òun náà ló ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Èmi ni mò ń gé fíìmù ní mẹ́fà mẹ́fà, èmi náà ni mò ń fi pẹ́ńsù àti búrọ́ṣì tín-ín-rín pa àbùkù rẹ́ lójú oníbàárà. Ìyàwó tí irorẹ́ sú bò lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó, ọ̀gá ilé-ìwé tí àpá wà nímú rẹ̀, gbogbo wọn ló ti ọwọ́ mi jáde ní dídán. Ọlọ́run dá wọn, ọkọ mi yà wọ́n, èmi ni mo parí iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tí fóònù yìí dé ọwọ́ mi náà la gbọ́dọ̀ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Onílé fẹ́ wó o, ọjọ́ Sátidé la sì máa dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọkọ mi ò lè bá mi kó ẹrù. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ojú rẹ̀ ti lọ, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí. Ó jókòó sórí àga tí oníbàárà máa ń jókòó sí, ó fi ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń kó nǹkan dà sínú àpò ìdọ̀tí.

Ẹ má rò pé inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń dà wọ́n nù. Inú mi dùn sí i. Ọmọ wa àkọ́kọ́, obìnrin, kú lọ́mọ ogún oṣù. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. Kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan láyé yìí, ọmọ onífọ́tò. Kọ́tìnnì ńlá kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, tí wọ́n kun àtẹ̀gùn àti òdòdó sí, ọkọ mi sì ti pinnu pé iwájú kọ́tìnnì yẹn lọmọ máa dúró sí lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá máa ya fọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ náà pẹ́ kó tó rìn. Mo ní kó yà á ní ìjókòó. Ó ní kí n fara balẹ̀, kò ní pẹ́ dúró. Ó ń fara balẹ̀ títí ilẹ̀ fi gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

Àwọn àgbà ní kò sí bí ọ̀bẹ ṣe lè mú tó kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọ́n fi ìyẹn tù mí nínú nígbà náà, kò wọ̀ mí létí. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi gbọ́únjẹ fún ọkùnrin yìí, mo bí ọmọ mẹ́ta mìíràn fún un, a jọ rẹ́rìn-ín, a jọ jà, mi ò sì dárí jì í lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò sọ ọ́ jáde ni. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú ọmọ náà ti ń parẹ́ mọ́ mi nínú. Mo mọ bó ṣe wúwo lẹ́yìn mi. Mo mọ òórùn orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú mi láti rí ojú rẹ̀, ojú àwọn àbúrò rẹ̀ ni mò ń rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ fóònù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ya búrẹ́dì lórí tábìlì, mo ya òpópónà, mo ya bàbá tó ń rán bàtà ní òdìkejì. Mo gbà pé ó gbìyànjú. Mo dúró tì fèrèsé, mo ya aṣọ tí mo sá síta, mo rí aṣọ, mo rí inú ilé náà. Nígbà tiwa, ọ̀kan nínú méjèèjì lo máa yàn. Ológbò tó sáré kọjá kàn dà bí èéfín. Ìrọ̀lẹ́ ni mi ò fẹ́ràn. Ilẹ̀ ti ń ṣú, fóònù ní ọ̀sán ṣì ni.

"Ojú èèyàn ń kọ́?" ọkọ mi bi mí láti orí àga rẹ̀.

Mo yí i sí ara mi, mo tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tí mo rí níbẹ̀ lè jẹ́ àbúrò mi tó lówó. Gbogbo ìlà ojú mi pátá ni fóònù náà ti fọ nù fúnra rẹ̀.

"Ó ti gba iṣẹ́ mi," mo wí.

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe tó ọ?"

"Kò mọ ibi tó yẹ kó dúró."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá wọn, agolo bisikíìtì tó wà lókè yàrá òkùnkùn ń kọ́?"

"Ìṣó ló wà níbẹ̀. Màá dà á nù."

"Kì í ṣe ìṣó," ó wí. Ó tún béèrè lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ní òwúrọ̀ Fúráìdeè, inú bí mi, mo gun àpótí, mo sọ agolo náà kalẹ̀ kí n lè fi ìṣó hàn án kó sì fi mí sílẹ̀.

Kì í ṣe ìṣó lóòótọ́. Ègé fíìmù ló kún ibẹ̀, kéékèèké, tí wọ́n ti ká kò bí èékánná àtijọ́. Mo mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Orí fíìmù ni. Bí onífọ́tò bá fi fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ á ti ba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́, torí náà á tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lásán, kí ibi tó bàjẹ́ lè kọjá kó tó kọjú sí oníbàárà. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ sí, ìbáà jẹ́ ògiri, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi ni mo máa ń fi àlùmọ́gàjí gé orí yẹn sọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mi ò wò ó rí. Ta ló ń wo èèpo?

Mo bú u nínú ara mi pé arúgbó ti ń kó ìdọ̀tí jọ. Àmọ́ ọmọbìnrin mi ti sọ pé kí n wò ó bóyá kámẹ́rà náà lè ya nǹkan kékeré nítòsí, ó sì ti fi ibi tí mo lè tẹ̀ hàn mí, tí dúdú inú fọ́tò á di funfun, tí funfun á di dúdú. Mo ní kí agolo yìí náà wúlò kó tó lọ. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ gíláàsì fèrèsé, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́, mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Èmi ni. Mo ń yán, mo la ẹnu dé etí, ìdajì fọ́tò ti jóná sínú ìmọ́lẹ̀. Mo lẹ òmíràn. Èmi náà ni, mo tẹ̀ ba tábìlì, búrọ́ṣì wà lẹ́nu mi. Òmíràn, èmi àti oyún, mo ń nu gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ya bí ogún, mi ò rí ògiri kankan. Ọkùnrin yìí ò tẹ kámẹ́rà rẹ̀ lásán rí. Èmi ló ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Nísàlẹ̀ agolo, bébà kan wà tí wọ́n fi wé márùn-ún lọ́tọ̀. Mo lẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn mi ni, orí ọmọ kan sì yọ lókè ọ̀já. Orí lásán. Ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin jóná. Nínú ìkarùn-ún, ọmọ kan jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, pẹ́ńsù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè.

Mo jókòó sórí àpótí, mo gbé fóònù sójú, mo sì ń wo ọmọ yẹn. Ojú rẹ̀ ń dán gbinrin bí ti ọmọ tí wọ́n máa ń yà sára agolo mílíìkì. Mo retí kí ọkàn mi sọ fún mi pé òun nìyẹn. Ọkàn mi ò sọ nǹkan kan. Ìtìjú bá mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Báwo ni ìyá ṣe máa wo ọmọ rẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n?

"O ti dé ìsàlẹ̀," ọkọ mi wí. Kò béèrè.

"Ọmọ kan wà níbí," mo wí. "Mi ò mọ ọmọ tó jẹ́."

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, lápá òsì, nísàlẹ̀ ojú. "Ṣé ibi tó fi èékánná ya ara ẹ̀ wà níbẹ̀? Ìlà méjì, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. O ti ní o máa gé èékánná ẹ̀, o ò sì tíì gé e."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú ẹ̀ mọ́."

"Ojú ẹ̀ ò mọ́. Irọ́ ni fóònù yẹn ń pa."

Mo gbé fíìmù náà fúnra rẹ̀ sókè sínú oòrùn, mo fi awò tí ń mú nǹkan tóbi, tí mo fi ń ṣiṣẹ́, wò ó. Ìlà méjì wà níbẹ̀, wọn ò ju irun orí lọ. Ìgbà náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa ohun tó ń fọ ojú èèyàn yẹn, mo pa á, mo tún un yà. Bí ìlà méjèèjì ṣe hàn báyìí ni ojú ọmọ náà pé. Imú rẹ̀ tó gbòòrò díẹ̀ padà sáàyè rẹ̀. Irun ojú rẹ̀ tí kò dọ́gba padà. Mo pe orúkọ rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo la ẹnu. Mo sunkún bó ṣe yẹ kí n ti sunkún ní ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, ọkọ mi sì jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn.

Nígbà tó rọlẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi hàn mí.

"O ní ẹni tó bá tún dárúkọ ọmọ yẹn létí rẹ, o máa kó kúrò nílé fún un," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé agolo yẹn dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ. Bí mo bá ti wo ojú rẹ, mo máa ń gbé e padà."

Mo ti gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, èmi ni mo jù ú sílẹ̀, òun ló ń ṣa èèpo rẹ̀ láti ọjọ́ náà wá.

Mo wá páálí kan, mo kọ ohun tí ọmọbìnrin mi fẹ́. Mo kọ pé kámẹ́rà yìí dára nínú oòrùn, ó dára nínú ilé, ó ń rí ohun kékeré ju èèyàn lọ, kò lè mú ohun tó ń sáré. Mo kọ pé kí ẹni tó bá rà á kọ́kọ́ pa ohun tó ń fọ ojú èèyàn, kó tó ya ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn. Mo fi ibi tí wọ́n ti ń pa á hàn.

Mo ń ká àwọn fíìmù náà padà sínú bébà nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí lọ́kàn. "Ogún oṣù lọmọ yẹn lò," mo wí. "Márùn-ún péré ló wà níbí."

"Ìgbà tó kú ni mo tó rántí pé mo máa ń tẹ orí fíìmù sí yín," ó wí. "Mo sáré lọ tú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Èyí tí wọn ò tíì kó dànù nìyẹn."

Àlùmọ́gàjí mi wà lórí tábìlì. Mi ò lè wò ó. Ogún oṣù, fíìmù mẹ́ta mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọwọ́ mi sì ni gbogbo wọn gbà kọjá.

"Bàbá wọn, mélòó ni mo gé dànù?"

Ọkùnrin yìí ò gbàgbé iye fọ́tò rí. Títí dòní, bó o bá dárúkọ ìgbéyàwó tó yà lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, á sọ iye ìgbà tó tẹ kámẹ́rà níbẹ̀. Ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ibi tí ohùn mi ti wá.

"Mi ò kà á," ó wí.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo dìde, mo gbé àga mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo sì jókòó tì í.