Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Ọ̀gá Àgbà

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ṣe. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n nípa ìdílé olówó tó ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà ló pè mí. Wọn ò mọ̀ pé bàbá mi ni mẹkáníìkì inú eré wọn, ẹni tí wọ́n ní ó ṣí ìdérí sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, tí ẹ̀rọ fi fa àbúrò ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà wọnú, tó sì pa á. Torí ẹ̀sùn yẹn, ẹ̀wọ̀n ni bàbá mi kú sí.

Ìyá mi ní, "Orúkọ bàbá ẹ ṣì wà lọ́hùn-ún. Lọ gbé e wálé."

Ẹ̀rọ yẹn gbọ́n, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá ṣí ìdérí, ọ̀pá irin kan á já sáàárín eyín kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á dì í mú bí ajá tó rí eegun. Ẹni tó bá fẹ́ máa da ìyẹ̀fun sí i láì dá a dúró gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ gbé ọ̀pá náà sókè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà yà á, olùdarí eré ní, "Bàbá Sùpánà, ẹ jẹ́ kó máa yí, kí ìdérí sì wà ní ṣíṣí."

"Kò ní yí."

"Òun ni kò ní yí ni, àbí ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kó yí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ò sí."

Ọmọ-ọmọ ọ̀gá àgbà, obìnrin tó ń bójú tó eré náà fún ìdílé wọn, bọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ idẹ kan wà lára ẹ̀. "Ẹ dán èyí wò. Bàbá àgbà ló ni ín. Wọ́n ní nǹkan kan ló ń ṣí níbí."

"Ṣé bàbá àgbà máa ń yá èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ yìí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà? Wọn ò jẹ́ kí ìyàwó wọn gan-an fọwọ́ kàn án! Ọ̀kan ṣoṣo yìí ló wà."

Kọ́kọ́rọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀pá gòkè. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Mo ní, "Ìyáàfin, bàbá mi ni mẹkáníìkì yẹn. Ta ló wá gbé ọ̀pá yìí sókè lọ́jọ́ náà?"

Òṣèré tó ń ṣe bàbá mi nínú eré, tó wọ aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ń wo bàtà ara ẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè tiwa fọ́, ìyáàfin."

Ó kọjú sí olùdarí. "Ẹ yà á bí a ṣe kọ ọ́."

Mo lè yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń yí geere, kò gbọ̀n, kò han. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ti ń retí ìró yẹn. Mo ní kí n jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni wọ́n yà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èmi àti ìyá mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Òṣèré yẹn wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún: "Èmi ni mo ṣí i sílẹ̀! Ẹ ṣàánú mi!" Kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ nìkan ló ń yí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá mi wò ó títí. "Ta ló tún ẹ̀rọ yẹn ṣe?"

"Èmi ni, Màámi."

"O mọṣẹ́. O mọ̀ ọ́n bíi bàbá ẹ."

Ó nawọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n náà.