Ọwọ́ àti Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀

Pásítọ̀ Ọlọ́runníyì kọ̀, kò jókòó. Ó na ìwé pélébé náà sí Job, ó sì fi èékánná tẹ ìlà kẹrin ojú ewé kọkànlá mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pa kòkòrò.

"Alàgbà, ẹ kà á síta."

Job wọ awò ojú rẹ̀. Kò nílò rẹ̀. Láti Sátidé ni àwòrán ojú ewé náà ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Ó kà á: "Nígbà tí Olúwa jíǹde, Ó yọ sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, Ó sì fi ọwọ́ àti ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀ hàn wọ́n."

"Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀," ni pásítọ̀ wí. "Kì í ṣe ẹsẹ̀ o. Ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa mi tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí."

Inú ọ́fíìsì ilé ìtẹ̀wé kan ni wọ́n wà, lẹ́yìn òpópónà Ọba Akran. Ìyáàfin Adébísọ́lá tó ni ilé iṣẹ́ fọwọ́ lẹ́rán lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Teslim, tó ń gbé iṣẹ́ sórí pléètì irin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tó sì ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú íǹkì dúdú níka. Jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ tó múlé tì wọ́n ń bú ramúramù.

Pásítọ̀ wá ṣàlàyé. Ó tẹ ìwé náà fún ìjíròrò ọjọ́ Sátidé ní gbọ̀ngàn kan ní Agége, níbi tí òun àti àwọn àfáà ti fẹ́ fèrò wérò lórí ẹ̀ṣẹ̀, ìgbàlà àti àjíǹde. Ó ti pín in tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ni àfáà kan bá gba makirofóònù, ó ka ìlà yẹn, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tún lè ru ti ẹlòmíràn. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ gan-an rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀dà tí mo fọwọ́ sí rèé. Ẹsẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún dé ìdí rẹ̀? Mùsùlùmí ló gbé e sórí pléètì. Mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n mi ò gọ̀."

Job mọ ẹni tó dé ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni òǹkàwé-yẹ̀wò ilé iṣẹ́ náà, ẹni tó ń wá àṣìṣe kí wọ́n tó tẹ̀wé. Lọ́sàn-án Jímọ̀, nígbà tí Teslim lọ kírun, ó tún yẹ iṣẹ́ náà wò, ó sì rí i pé ní ojú ewé kẹta àti ìkarùn-ún, òun ti jẹ́ kí "ẹsẹ̀" dúró níbi tí "ẹ̀ṣẹ̀" yẹ kó wà. Jésù kú nítorí ẹsẹ̀ wa. Ìtìjú mú un. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́ mọ́, Ìyáàfin Adébísọ́lá sì ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì nítorí àṣìṣe. Dípò kí ó wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó sọ gbogbo ẹsẹ̀ inú ìwé náà di ẹ̀ṣẹ̀. Àmì kan lókè, àmì kan nísàlẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì rántí pé Olúwa pẹ̀lú ní ẹsẹ̀.

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Onígbòǹgbò, ó ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run kí ó tó jẹ oúnjẹ Olúwa. Ó sunkún, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó gbà tọkàntọkàn pé a ti wẹ òun mọ́. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn bá a wọ ilé iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, títí ó fi gbọ́ pé Teslim ni wọ́n pè.

"Teslim," Ìyáàfin Adébísọ́lá wí, "bí o kò bá ní àlàyé, kó ẹrù rẹ lónìí."

"Àlàyé kẹ̀, Màdáámù? Èmi tí mi ò lè tẹ àmì Yorùbá lórí fóònù!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì bá a rín in. Ó kọjú sí pásítọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ta lẹ rò pé Ànábì Ìsá jẹ́ lọ́dọ̀ àwa?"

"Wòlíì lásán lẹ pè É."

"Ẹ yọ lásán kúrò. Wòlíì ni, kò sì dẹ́ṣẹ̀. A ò gbà pé wọ́n kàn án mọ́ igi, a ò gbà pé ó kú kó tó jíǹde. Lórí ìyẹn, a lè jà di ọ̀la. Ṣùgbọ́n pé ó ní ẹ̀ṣẹ̀? Bí mo bá kọ ìyẹn, ẹ̀sìn tèmi ni mo kọ́kọ́ bú. Ẹ wá ẹlòmíràn." Ó yíjú sí Job. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn. Ọdún mẹ́fà la ti ń jà lé e lórí nídìí ẹ̀wà tí a jọ ń jẹ lọ́sàn-án. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Kò sí àrékérekè nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ló ń pè.

Lóòótọ́ ni wọ́n ń jà. Job, ọmọ Èkìtì, yóò ní ìgbàlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbé iṣẹ́ rere sórí òṣùwọ̀n. Teslim, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, yóò bi í léèrè pé ta ló wá ń dáhùn fún ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ Ọlọ́run, Teslim a máa wí, Ọlọ́run lè foríjì í. Èyí tí a ṣẹ ọmọ ènìyàn, ẹni tí a ṣẹ̀ ni kí a lọ bá. Job a sì dáhùn pé nígbà náà, lásán ni Kristi kú. Ìdáhùn náà ṣì dá a lójú. Ohun tó yí padà ni pé ó ń wo ìdí tí òun fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: lánàá, ó tọ Ọlọ́run lọ kí ó má baà tọ ọmọ ènìyàn kankan lọ.

"Òtítọ́ ló sọ," ni ó wí. "Wọn ò gbà pé Ó dẹ́ṣẹ̀."

"Alàgbà! Ẹ̀yin náà ń gbè é lẹ́yìn?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ojú ewé kẹta dé orí kọ̀ǹpútà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Ìyáàfin Adébísọ́lá ní láti tẹ̀ síwájú kí ó tó gbọ́. Nígbà tí ó parí, pásítọ̀ jókòó.

"Háà. Àṣìṣe ni nígbà náà." Ó gbá ọwọ́ Job mú. "Ó rẹ̀ yín ni, Alàgbà. Ta ni kì í rẹ̀? Ọlọ́run ti dárí jì yín. Èmi náà ti dárí jì yín."

Ìyáàfin Adébísọ́lá mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ òdì lọ́wọ́ Teslim ti di àárẹ̀ lọ́wọ́ Job, kò sì sí ẹni tó wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Job wò ó, Teslim ti lọ.

Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń fi kẹrosíìnì nu íǹkì.

"Teslim, mo wá..."

"Ẹ má bẹ̀ mí lónìí, ẹ̀gbọ́n." Kò gbójú sókè. "Ẹ jù mí lọ. Bí ẹ bá bẹ̀ mí, dandan ni kí n ní kò burú, mo ti gbà. Irọ́ ni yóò sì jẹ́."

"Ìgbà wo ni kí n wá?"

"Mi ò mọ̀." Ó fún àkísà náà. "Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún ìyàwó mi, tí mo bá délé láìníṣẹ́. Ẹ̀yin sì dúró níbẹ̀, ẹ̀ ń kàwé fún wọn."

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ wá sí Job lẹ́nu, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òtítọ́. Ó ṣàkíyèsí pé gbogbo wọn ni yóò máa kán Teslim lójú láti dárí ji òun. Ó gbé wọn mì. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó ti tó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé, ó rẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe yẹ kí ó rẹ ẹni tó ṣẹ ẹlòmíràn.