Orí Ìkẹyìn Wà Lábẹ́ Pínnì

Nọ́ọ̀sì ju ìwé náà sórí tábìlì ìgéṣọ bí ẹni ń dá ẹran tó ti bà jẹ́ padà fún alápatà.

"Ẹ gba ìwé yín, Àǹtí. Mo ti mọ ẹni tó pa olóògbé."

Aránṣọ gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. "O ti kà á dé ibo?"

"Ojú ìwé kejì! Wọn ò tíì pa ọkùnrin náà tí mo fi mọ ẹni tó máa pa á."

Ó ṣí ìwé náà, ó nà án sí i. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ olùtọ́jú ọgbà kan tó ń bomi rin òdòdó jẹ́jẹ́, ẹnìkan ti fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì búlúù ni onítọ̀hún fi fà á, irú èyí tí aránṣọ fi ń sàmì sára aṣọ kó tó gé e. Ìwé kẹta tí irú èyí máa ṣẹlẹ̀ sí nìyí, ẹni tí wọ́n sì fàlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú méjì àkọ́kọ́ ló jẹ́ apànìyàn.

Àwọn tó ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ lọ́sàn-án Sátidé kì í ṣe ẹgbẹ́, wọn ò ní alága, wọn ò sì ní òfin tó ju ẹyọ kan lọ. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló kó wọn jọ. Aránṣọ ló ń dámọ̀ràn ìwé fún wọn, ó sì mọ̀ wọ́n bó ṣe mọ ìwọ̀n ìbàdí wọn. Nọ́ọ̀sì kì í ka ìwé tí wọ́n bá ti pa èèyàn nílé ìwòsàn, nítorí ó ní iṣẹ́ kì í bá òun délé. Ẹlòmíì kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ májèlé. Kí ìwé tó jáde, Aránṣọ á fi pínnì gún orí ìkẹyìn pọ̀. Ẹni tó bá kà á débẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà, kó sọ lójú gbogbo èèyàn ẹni tó fura sí, kí Aránṣọ tó yọ pínnì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ mú nínú ìwé tuntun. Ẹni tó bá ṣì í, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rí Dà ni wọ́n ń pè é, nítorí bí o bá ní òjò ń rọ̀, á bi ọ́ léèrè pé ẹ̀rí dà. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Pínnì ṣì wà níbẹ̀ o," ó ní. "Àmọ́ ṣọ́ọ̀kì kì í fẹsẹ̀ rìn."

"Bàbá, ṣé èmi lẹ ń fẹ̀sùn kàn ni?"

"Èmi? Ẹ̀rí dà? Mo kàn ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sinmi ná. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa náà ń yáni níwèé."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù náà fi rántí pé àwọn fi nǹkan sórí iná. Ó dun Aránṣọ wọ eegun. Gbogbo èèyàn ló lè rí ẹni bá wọn ká etí ṣòkòtò, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá bí wọ́n bá ń wá ìwé tó máa dùn mọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ àtiwá, Sátidé á di ọjọ́ ìránṣọ bí ọjọ́ yòókù.

Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó sì wo àwọn pínnì inú rẹ̀ dáadáa. Bó bá gún pínnì, apá ọ̀tún ni orí rẹ̀ máa ń kọjú sí. Apá òsì ni orí gbogbo àwọn wọ̀nyí kọjú sí: ẹnìkan ti yọ wọ́n, ó sì ti tún wọn gún.

Ó jókòó. Ìwé tó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló tú àṣírí ọ̀daràn inú rẹ̀, Aránṣọ kì í dámọ̀ràn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀lẹ ló kọ ọ́.

Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bọ́ sínú ilé. Ọkọ rẹ̀ wà nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé ìròyìn àná. Iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀, títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá.

"Bàbá wọn, ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí ẹ fi ń kọ̀wé."

Ó rọra gbé ọwọ́ òsì sórí tábìlì. Búlúù wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn." Ó ká ìwé ìròyìn náà. "Gbogbo Sátidé ni mò ń jókòó síbí, tí mò ń gbọ́ ẹ̀rín yín. O mọ ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, o mọ ẹni tó fẹ́ràn májèlé. O ò bi èmi rí pé kí ni mo fẹ́."

"Ẹ ò kàwé rí! Ẹ ní mọ́tò ni ìwé yín."

"Nígbà tí mo ní mọ́tò nìyẹn."

Aránṣọ ní, "Kí wá ni ti ìlà?"

"Mo rò pé ìwọ ni wàá kọ́kọ́ rí i. Wàá ní, 'Bàbá wọn, báwo lẹ ṣe mọ̀?' A ó wá jọ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé tí o bá ti gún pínnì, o kì í tún ìwé ṣí mọ́ kó tó jáde."

"Ẹ wá sọ mí di ọ̀daràn lójú àdúgbò."

"Má bínú."

Inú ń bí Aránṣọ, àánú ọkùnrin náà sì ń ṣe é, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé tún pé, àwọn tó wá kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì wá, àmọ́ ó ní aṣọ òun lòun wá gbà.

"Mo ti mú ọ̀daràn," Aránṣọ ní.

"Ẹ̀rí dà?" Bàbá akọ̀wé ti nàró.

Ó fi orí pínnì hàn wọ́n. "Ọlọ́wọ́ òsì ni."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí! Ṣebí ẹ ní ìwé ọlọ́wọ́ òsì ò dáa!"

"Mi ò dámọ̀ràn rẹ̀ fún yín. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí."

"Ta wá ni?"

"Orí ìkẹyìn nìyẹn," Aránṣọ dáhùn. "Ó wà lábẹ́ pínnì."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò sọ. Nígbà tí wọ́n lọ, ó mú ìwé tuntun kan tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ṣí, ó gún orí ìkẹyìn rẹ̀ pọ̀ láìwò ó, ó sì gbé e lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ní inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti pa ẹni inú rẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ bí awakọ̀ náà bá ń parọ́."

"O ti kà á?"

"Rárá. Ẹ wá máa kà á fún mi bí mo bá ń ránṣọ."

Bó ṣe di pé ọkùnrin náà ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án nìyẹn, tó ń kàwé sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe orúkọ ibùdókọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì yà síbẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì tí ọkọ Aránṣọ fi ń ṣí ìwé, ó wo Aránṣọ, ó sì tún wo ọkùnrin náà. Ó béèrè ìwé tó kàn lọ́wọ́ Aránṣọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kà á dé ìdí pínnì, kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lé orí pínnì àkọ́kọ́, ó sì tún gbé e kúrò.

"Ìyá wọn," ó ní, "ta lo fura sí?"

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.