Omi Tí Kò Rin Ètè Màmá

Bísí ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tí mo ti jí ni inú ti ń bí mi. Mo lá àlá pé òùngbẹ ń gbẹ Màmá mi, ètè wọn ti là. Mo fa omi nínú kànga, ó jáde ní odidi bí òkèlè fùfú. Mo fẹ́ dà á sínú ife, kò wọlé. Orí ife ló jókòó lé. Irú omi wo nìyẹn? Mo fi ọ̀bẹ gé e, ó tún lẹ̀ mọ́ra. Mo fi kan ètè Màmá, ó yọ̀ dànù, ètè ṣì gbẹ.

Bí mo ṣe yíjú padà, ẹ̀yìnkùlé ti di ilé ìwé wa àtijọ́. Kọ́lá àbúrò mi, tí Màmá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, káwọ́ gbera níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí omi náà nìyẹn?" Mo ju ife lù ú. Ariwo mi ló jí mi.

N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ṣáà pe Kọ́lá. "Ṣé Màmá ti mu omi?"

"Wọ́n mu tíì, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé tíì ni mo bi ọ́?"

Mo ní kó bu omi fún wọn, kó sì gbé fóònù sí ẹ̀bá ọ̀fun wọn. N kò pa á títí mo fi gbọ́ tí omi ń sọ̀ kalẹ̀.