Ihò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọládòṣù ti abẹ́rẹ́ ńlá bọ aṣọ dúdú náà, ó fà á yọ, ó wo ihò tó kù bí ẹni ń wo ojú olè. Igba ihò! Ta ló ń gbé iṣẹ́ fún télọ̀ pé kó máa dá aṣọ tuntun lu?

Manuella, tíṣà ọmọ rẹ̀, ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bonabéri, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé: àgọ́ tí ogún ọmọ lè sùn sí, tí ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ àfi láti ojú àwọn ihò tó yà sínú ìwé. Ó ní òun fẹ́ fi ìràwọ̀ han àwọn ọmọ. Ìràwọ̀ kẹ̀? Lọ́sàn-án gangan? Ọkàn Ọládòṣù kò gbà á rárá. Láti ọdún méjì tó ti Ọ̀ṣogbo dé ló ti ń gbọ́ nípa àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, Ìfẹ́olúwa yìí nìkan ló sì bí. Ló bá dá ihò kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ojú rẹ̀ á dé. Ó tóbi ju ìyókù lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, wọ́n pa àgọ́ náà sí àgbàlá ilé ìwé. Àwọn ọmọ wọlé.

“Le père, ça va aller,” ni Manuella wí fún un tẹ̀ríntẹ̀rín, pé kó fọkàn balẹ̀, ó sì fa aṣọ ẹnu ọ̀nà dé. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló tún já a láyà.

Ó rọra yọ́ lọ síbi ihò rẹ̀. Ó ń gbọ́ tíṣà: oòrùn wa yìí, ìràwọ̀ ni, ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ tó kóra jọ ló ń jẹ́ galaxie, galaxie kò sì lóǹkà nínú àgbáńlá ayé. Faransé Ọládòṣù kò jinlẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ èyí yé: ìràwọ̀ máa ń kú. Ikú wo ni wọ́n ń sọ níwájú ọmọ òun? Ó fi ojú lé ihò. Òkùnkùn nìkan ló rí.

“Madame! Ìràwọ̀ ńlá yẹn ti kú!” ni ọmọ kan pariwo.

Ó yára gbójú kúrò.

“Ó ti jí!” Gbogbo wọn hó yèè.

“Èwo nìyẹn?” Ohùn Manuella dàrú díẹ̀. “Kò sí nínú ìwé mi.”

Ìfẹ́olúwa ló dáhùn, kò sí ẹ̀rù kankan lóhùn rẹ̀.

“Kì í ṣe ìràwọ̀, Madame. Pápá mi ni.”

Ojú ti Ọládòṣù débi pé ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú lápò, kó dí ihò náà kíá.

“Encore, Papa!” ni wọ́n ń ké nínú lọ́hùn-ún, pé kó tún un ṣe.

Ó dúró. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sápò, ó sì tún fi ojú pa ìràwọ̀ náà. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn tí òun fọwọ́ ara òun rán.