Ẹran Ọpẹ́

Gbogbo abúlé ló gbà pé ara Sairakan ti yá, nítorí gbogbo wọn ló jẹ ẹran ọpẹ́.

Ìgbà ìwọ́wé ni Ismanali ọkọ rẹ̀ pa abo ẹṣin kan, tó sì pe tọmọdé-tàgbà. Bàbá tó dàgbà jù lábúlé tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúrà, wọ́n fọwọ́ ra ojú, wọ́n ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu kan àìsàn Sairakan, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò ọdún tó lọ ni.

Sairakan nìkan ló mọ ohun tí dókítà sọ ní Bishkek, olú-ìlú wọn, nígbà tí Ismanali wà níta tó ń mu sìgá. Dókítà obìnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, inú mùdùnmúdùn egungun ló ti ń wá. Abẹ́rẹ́ ti mú un sùn, kò pa á. Yóò jí. Bó bá jí, oògùn mìíràn wà tó lè tún mú un sùn, òmíràn sì wà lẹ́yìn ìyẹn, títí oògùn yóò fi tán. Lọ́jọ́ ọpẹ́, Sairakan jókòó ti abọ́ ẹran, ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó, ọ̀rọ̀ náà sì kú sí i lẹ́nu.

Ní báyìí, yìnyín ti ń yọ́ lórí òkè, àìsàn náà sì ti jí. Sairakan dọ́gbọ́n pé òun ń lọ wo Aizada ọmọ wọn ní Bishkek, ó sì lọ rí dókítà. Abẹ́rẹ́ tuntun di ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ gun ẹṣin, nítorí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fẹ́ gun ẹṣin kó àgùntàn gòkè lọ síbi koríko ẹ̀ẹ̀rùn, ìrìn tí kò tí ì pa jẹ rí láti ìgbà tó ti di ìyàwó. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún Ismanali. Ó tilẹ̀ wù ú láti sọ ọ́. Kò fẹ́ kí òun nìkan máa dá bẹ̀rù mọ́.

Òun àti Anarkul, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ń lẹ aṣọ àgọ́ onírun àgùntàn lágbàlá.

"Ìyálé, ẹ ń rán an bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun," Anarkul wí. "Kí a tó dókè, koríko á ti gbẹ."

"Ìwọ tó ń yára, ṣebí àgbò kan yọrí wọlé láti ojú ibi tí o rán lọ́dún tó kọjá?"

"Ó wá kí mi ni. Ó mọ arẹwà."

Sairakan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gún un lẹ́yìn. Ó tẹ̀ba.

"Kí ló ṣe yín?"

"Abẹ́rẹ́ ló bọ́."

"Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ yín, Ìyálé."

Sairakan dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ nílé ẹṣin. Ismanali ń fi ọ̀rá pa gàárì, gàárì Sairakan gan-an.

"Bàbá Aizada, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Mi ò ní lọ lọ́dún yìí."

"Ta ló bí ọ nínú? Anarkul?"

"Àìsàn náà ti padà."

Ọwọ́ ọkùnrin náà kò dúró. "Òtútù ni. Tó o bá mu wàrà ẹṣin lókè, á lọ."

"Mo ti rí dókítà. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀."

"A ti dúpẹ́ lórí ẹ̀. Gbogbo abúlé ló jẹ ẹran yẹn."

"Wọ́n ń fún mi ní oògùn mìíràn. Àìsàn náà lè tún sùn."

"Kó wá tán pátápátá?"

"Kì í tán."

Ìgbà yìí ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Nígbà tá a pa ẹṣin yẹn, o mọ̀?"

Ì bá purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u ju àìsàn lọ. "Mo mọ̀."

"Mo sunkún láàárín èèyàn bí ọmọdé. O jókòó, ò ń wò mí."

"Inú yín dùn, Bàbá Aizada. Ẹ̀rù bà mí."

"O jẹ níbẹ̀."

"Mo jẹ."

Ó gbé gàárì náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì jáde.

Orúnkún ló sọ fún àwọn èèyàn pé ó ń dun ìyàwó òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gòkè, Anarkul kígbe láti orí ẹṣin pé Ìyálé ti di ará ìlú ńlá, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti máa da àgùntàn. Sairakan bá wọn rẹ́rìn-ín. Ismanali gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ajá ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí koríko ti ga lókè, ó pè é lórí fóònù. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ omi ṣì ń jò. Ó ní àgùntàn kan bí ìbejì. Sairakan ń dúró de ìbéèrè kan, kò dé. Ojú ibi tí wọ́n gún un lánàá ṣì wú.

"Bàbá Aizada, mo lọ gba abẹ́rẹ́ náà."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ketekete bíi ti ẹni tó jókòó tì í. "Má gbàgbé láti máa ti ọgbà àgùntàn."

Kò sí àgùntàn kankan nínú ọgbà náà. Wọ́n ti kó gbogbo wọn gòkè.

Sairakan ní òun ti gbọ́.